Ẹnubodè àti Etí: Àjàkálẹ̀ Àrùn COVID-19 àti Ọ̀nà Iṣẹ́ Abẹ Ìgbọ́ràn ní Douala

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 2020, Joseph Dion Ngute, Olóòtú Ìjọba ilẹ̀ Kamẹrúùnù, kéde ìgbésẹ̀ 13 tí ìjọba fẹ́ gbé láti dènà àrùn COVID-19. Láti ọjọ́ kejì, gbogbo ẹnubodè ilẹ̀ náà, ti orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfuurufú, di títì. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n ka ìpéjọ tó bá ju ènìyàn 50 lọ léèwọ̀, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú àfi bí ọ̀ràn bá pọndandan. Ìlú Douala, tó wà létí odò Wouri, tí í ṣe èbúté àti ọjà tó tóbi jùlọ ní Kamẹrúùnù, wà lára àwọn ibi tí òfin yìí ti kan ènìyàn jùlọ, nítorí pé ìlú tó ń jẹun lójú ọ̀nà ni.

Àwọn ènìyàn ti sọ púpọ̀ nípa ohun tí òfin kónílé-ó-gbélé ṣe sí ọjà, sí ilé ẹ̀kọ́ àti sí ilé ìjọsìn. Èyí tí wọn kò sọ tó ni ohun tí ó ṣe sí etí. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé, ní ti ọmọdé tó dití, àsìkò tí a fi dúró kì í ṣe gbèsè tí a lè san lọ́la. Iṣẹ́ abẹ tí a sún síwájú lè ṣeé ṣe lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n èdè tí iṣẹ́ abẹ náà ìbá mú wá lè má bá a dé mọ́. Láti rí èyí kedere, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìgbọ́ràn jẹ́ fún ẹni tó ń sọ èdè olóhùn, kí a wo ìtàn ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn ń fi sínú etí, kí a tó padà sí Douala.

Ìlù, ohùn àti etí ọmọdé

Èdè Duala, tí í ṣe èdè àwọn onílẹ̀ Douala, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè Bantu. Èdè olóhùn ni, bí Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń lò, tí Yorùbá sì ní ohùn àárín pẹ̀lú. Àwọn Duala ní ìlù onígi kan tí wọ́n ń pè ní elimbi. Igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ ni, kò ní awọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1898, R. Betz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí èdè ìlù yìí. Ẹni tó bá mọ gángan àti dùndún kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ni ó mú dání, síbẹ̀ etí tó ti kọ́ èdè náà láti kékeré mọ ohun tí ó ń wí.

Ohun tí èyí ń fi hàn ni pé nínú irú àwọn èdè wọ̀nyí, ìgbéga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lára ọ̀rọ̀. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn kò ní lè ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti ń kọ́ ìyàtọ̀ yìí. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ọ, kí ó tó lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1967 ni Eric Lenneberg tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ìpìlẹ̀ èdè nínú ẹ̀dá ara. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé pé àsìkò kan wà ní ìgbà èwe tí ọpọlọ ń gba èdè wọlé láìṣe wàhálà, àti pé bí àsìkò náà bá kọjá, ilẹ̀kùn náà kì í ṣí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti jiyàn lórí ọjọ́ orí tí ilẹ̀kùn náà ń tì, ṣùgbọ́n ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí a bí ní adití, tí wọ́n sì gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lẹ́yìn náà, ti fi ẹsẹ̀ apá kan ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ọmọ tó bá gba ẹ̀rọ kí ó tó pé ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sábà máa ń dáhùn sí ohùn bí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá rí i gbà títí ó fi kọjá ọdún méje, ó ṣòro púpọ̀ kí ó tó lè fi etí gba èdè. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a.

Ẹ̀rọ tó wọ inú etí

Nínú etí ènìyàn, lẹ́yìn egungun, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Ibẹ̀ ni ìró ti ń di iṣẹ́ tí iṣan lè jẹ́ fún ọpọlọ. Ní ọ̀pọ̀ àwọn tó dití pátápátá, iṣan náà wà láàyè, ṣùgbọ́n àwọn irun tíńtìntín inú ìgbín yìí, tó yẹ kí ó jí i, ti kú. Ẹ̀rọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cochlear implant fo ibi tó bàjẹ́ náà dá. Apá kan rẹ̀ wà lẹ́yìn etí, ó ń gba ìró. Apá kejì wà lábẹ́ awọ, pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ inú ìgbín etí, tó sì ń fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ kan iṣan.

Ìtàn rẹ̀ kò tíì pẹ́. Ní ọdún 1957, ní Paris, André Djourno àti Charles Eyriès fi okùn iná sí etí ọkùnrin kan tó ti dití, ọkùnrin náà sì gbọ́ ìró. Ní ọdún 1961, William House bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Los Angeles. Ní Vienna, ní ọdún 1977, Ingeborg àti Erwin Hochmair gbé ẹ̀rọ tó ní ojú iná púpọ̀ jáde. Ní ọdún 1978, Graeme Clark ṣe irú rẹ̀ ní Melbourne. Ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí i fún àgbàlagbà ní ọdún 1984, ó sì fi ọwọ́ sí ti ọmọdé ní ọdún 1990. Ní Áfíríkà, ilé ìwòsàn Tygerberg ní Cape Town ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1986. Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà náà ṣe é, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ohun méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè ṣàkíyèsí nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé àwọn ìlú tí a ti ṣẹ̀dá ẹ̀rọ náà kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè olóhùn. Ojú iná bí 12 sí 22 ni ẹ̀rọ náà ní, níbi tí etí tó dá ṣáṣá ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun. Ìwọ̀nba yìí tó fún ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì níbi tí kò bá ti sí ariwo. Ṣùgbọ́n ìwádìí lórí àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Ṣáínà ti fi hàn pé ohùn gan-an ni ó máa ń sọnù jùlọ. Nítorí náà, ọmọ Duala tàbí ọmọ Yorùbá tó gba ẹ̀rọ náà nílò ìkọ́ni tó pọ̀ sí i, ní èdè tirẹ̀, ní kùtùkùtù.

Èkejì ni owó. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, iye ẹ̀rọ náà nìkan ju 15,000 yúrò lọ, láì ka owó iṣẹ́ abẹ. Ní owó Kamẹrúùnù, èyí tó bí mílíọ̀nù 9.8 fáráǹkì. Ní ọdún 2020, owó oṣù tó kéré jùlọ lábẹ́ òfin ní Kamẹrúùnù jẹ́ 36,270 fáráǹkì. Òṣìṣẹ́ tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tí kò sì ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, yóò lò ju ọdún 22 lọ kí ó tó lè ra ẹ̀rọ kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, kí àjàkálẹ̀ àrùn tó dé rárá, ọ̀nà náà ti há. Owó ẹbí àti àwọn àjọ aláàánú ni wọ́n sábà fi ń gbà á kọjá, àwọn tó bá sì lágbára a máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Àrùn tó ń sọni di adití

Kì í ṣe gbogbo adití ni a bí bẹ́ẹ̀. Ní apá ibi tí Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà wà, àjàkálẹ̀ àrùn fúnra rẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn di adití. Ibà Lassa, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Lassa ní Borno tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969, a máa ba etí ọ̀pọ̀ àwọn tó yè é jẹ́. Rubẹ́là tó bá mú aláboyún lè ba etí ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Èyí tó burú jù ni mẹníńjáítìsì, tí Yorùbá ń pè ní yínrùnyínrùn, àrùn tó ń kọlu awọ tó bo ọpọlọ. Láti Senegal títí dé Ethiopia ni ìgbànú ilẹ̀ tí àrùn yìí ti ń jà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, apá àríwá Kamẹrúùnù sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1996 sí 1997, ènìyàn bí 250,000 ni ó mú ní Áfíríkà, bí 25,000 sì kú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac bẹ̀rẹ̀ ní Bùrkínà Fasò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ó sì dín irú kan àrùn náà kù gidigidi.

Yínrùnyínrùn ní ìwà kan tó mú kí ọ̀rọ̀ àsìkò le jù. Lẹ́yìn tí ara bá ti yá, inú ìgbín etí lè bẹ̀rẹ̀ sí í dí, kí egungun sì hù síbi tó yẹ kó ṣófo. Èyí lè bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá dí tán, okùn ẹ̀rọ kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, tàbí kí ó wọlé díẹ̀. Nítorí náà, àwọn oníṣègùn etí gbà pé ẹni tí yínrùnyínrùn bá sọ di adití kò gbọdọ̀ dúró pẹ́. Tirẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ tí a lè sọ pé ó di ìgbà tó bá rọgbọ.

Douala àti àwọn àrùn tó ti kọjá

Kì í ṣe ọdún 2020 ni Douala kọ́kọ́ mọ̀ pé òfin ìlera lè fi ààlà sí àárín ènìyàn. Ní ọdún 1910, ìjọba amúnisìn Jámánì pète láti gba ilẹ̀ àwọn Duala létí odò, kí wọ́n kó wọn lọ sí àdúgbò tuntun, kí ilẹ̀ òfìfo tó tó kìlómítà kan sì wà láàrin wọn àti àwọn aláwọ̀ funfun. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Ọba Rudolf Duala Manga Bell, tó ti kàwé ní Jámánì, fi òfin àti ìwé ẹ̀bẹ̀ tako ètò náà. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, ọdún 1914, wọ́n so ọba náà àti akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, rọ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni lùkúlùkú, àrùn ọ̀fìnkìn ńlá ọdún 1918, gba etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọlé. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e dé Freetown ní oṣù kẹjọ, àti Èkó ní oṣù kẹsàn-án. Ní ọdún 1918, èbúté ṣí, àrùn sì wọlé. Ní ọdún 2020, ìjọba ti èbúté kí àrùn má bàa wọlé, ṣùgbọ́n aláìsàn kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Òfin ọdún 2020 kò rí bí ti ọdún 1910. Ti ìṣáájú jẹ́ ìwà ìrẹ́nijẹ tí wọ́n fi aṣọ ìlera bò. Ti ìkẹyìn jẹ́ ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni méjèèjì bí: ta ni ó ń san owó ààbò tí gbogbo ìlú ń jẹ?

Ohun tó tì ní ọdún 2020

Ìdí pọ̀ tí iṣẹ́ abẹ etí fi wà lára àwọn iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dúró káàkiri àgbáyé. Oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ fi ẹ̀rọ sí inú etí gbọ́dọ̀ lu egungun ẹ̀yìn etí, èyí sì ń tú ìrì àti eruku sínú afẹ́fẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ. Imú, ọ̀fun àti etí ni ó ní ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àrùn náà ń gbé. Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn oníwádìí ní Johns Hopkins ròyìn pé wọ́n rí kòkòrò náà nínú etí àti egungun ẹ̀yìn etí àwọn kan tí COVID-19 pa. Ẹgbẹ́ oníwádìí CovidSurg ti ṣírò rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà pé iṣẹ́ abẹ tó lé ní mílíọ̀nù 28 ni a óò fagi lé tàbí sún síwájú lágbàáyé láàrin ọ̀sẹ̀ 12 tí ìdádúró náà bá le jù.

Ní Douala, ìṣòro náà ní ẹ̀ka mìíràn. Ilé ìwòsàn Laquintinie àti àwọn ilé ìwòsàn ńlá yòókù ní láti gba àwọn tí COVID-19 mú. Òfin ọjọ́ 17 oṣù kẹta fún ìjọba ní àṣẹ láti gba ilé ìwòsàn aládàáni àti hòtẹ́ẹ̀lì lò bí ó bá pọndandan. Ẹni tó ti fi owó pamọ́ láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lókèèrè kò rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀. Oníṣẹ́ abẹ àlejò tí ìbá wá ṣe é nílé kò lè wọlé. Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn ro ọmọ ọdún méjì kan ní Maroua, ní àríwá, tí yínrùnyínrùn bà ní etí jẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Ẹnubodè méjì ni ó dí i lọ́nà: ti ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú, àti ti ilẹ̀ òkèèrè. Ní gbogbo àsìkò yẹn, egungun inú etí rẹ̀ kò dúró de ìjọba.

Àwọn tó ti gba ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọ́ ni ìgbọ́ràn ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn bí oṣù kan ni wọ́n ń tan ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn náà ni onímọ̀ ìgbọ́ràn yóò máa tún un ṣe léraléra, tí olùkọ́ yóò sì máa kọ́ ọmọ náà ní èdè. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá tì, tí ọ̀nà sì há, ẹ̀rọ olówó iyebíye lè máa ṣiṣẹ́ lára ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ bí ó ṣe ń gbọ́.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 2020, ìbòmú di dandan ní gbogbo ìta gbangba ní Kamẹrúùnù. Ó gba ẹ̀mí là, kò sí iyè méjì. Ṣùgbọ́n ó bo ètè, ètè sì ni ọ̀pọ̀ adití fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà pé ọdún mẹ́wàá gééré tí Kamẹrúùnù ṣe òfin 2010/002, ti ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2010, tó wà fún ààbò àti ìgbéga àwọn aláàbọ̀ ara.

Nínú oṣù kẹta kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé kí a dá ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára ńlá tó ń kó èrò jọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ilẹ̀kùn àtúnṣe tì, ilẹ̀kùn ìdènà àrùn tó ń ba etí jẹ́ náà sì tì pẹ̀lú rẹ̀.

Èdè tí kò dúró de ọkọ̀ òfuurufú

Ó ku ohun kan tí ìtàn etí ní agbègbè yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, di adití nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Mẹníńjáítìsì ni ó bà á ní etí jẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan nígbà náà. Ní ọdún 1954, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ní ọdún 1957, ọdún kan náà tí Djourno àti Eyriès ṣe tiwọn ní Paris, Foster gúnlẹ̀ sí Ghana láti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀. Ní ọdún 1960, ó dé Nàìjíríà. Ìbàdàn wà lára ibi tó tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn tó ń sọ Faransé pẹ̀lú. Kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní ọdún 1987, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé Kamẹrúùnù. Èdè àfọwọ́sọ tó mú wá, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ti bá ìfaraṣàpèjúwe àwọn ènìyàn ibi tó dé ṣe pọ̀.

Ní ọdún 1957, ọ̀nà méjì ṣí fún adití. Ọ̀kan gba inú etí, èkejì gba ọwọ́ àti ojú. Ní ọdún 2020, ọ̀nà àkọ́kọ́ tì pa, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè ti ọwọ́ ìyá àti ojú ọmọ. Èdè àfọwọ́sọ jẹ́ èdè pípé, ó ní gírámà tirẹ̀, ó sì lè kún àsìkò èwe tí Lenneberg ń sọ, kí ọpọlọ ọmọ má bàa wà láìní èdè kankan. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé yóò dí èdè ẹnu lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ní èdè kan ní ipilẹ̀ tí yóò kọ́ èkejì lé. Èyí tí kò ní ọ̀kankan ni kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ìgbọ́ràn, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021, sọ pé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 430 lọ ni ó nílò ìtọ́jú nítorí etí wọn, àti pé bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn ọmọdé ni a lè dènà. Àwọn nọ́ńbà yìí fi ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ hàn: abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti yíyẹ etí ọmọ wò ní kété tí a bá bí i.

Ìrírí Douala fi ohun mẹ́ta kún un. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ abẹ etí ọmọdé, pàápàá lẹ́yìn yínrùnyínrùn, kò yẹ kí ó wà nínú àkójọ ohun tó lè dúró nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé. Èkejì ni pé ọ̀nà tó bá gba ẹnubodè kọjá nìkan kì í ṣe ọ̀nà tó dájú. Àwọn oníṣẹ́ abẹ, onímọ̀ ìgbọ́ràn àti olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà nílé. A sì lè lo íntánẹ́ẹ̀tì láti tún ẹ̀rọ ṣe láti òkèèrè, ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fi ọwọ́ sí láti ọdún 2017. Ẹ̀kẹta kan àwọn olùkọ́ èdè gan-an. Ẹ̀rọ tí kò mọ ohùn nílò àwọn tó mọ ohùn láti kọ́ ẹni tó ń lò ó. Títí di ìgbà tí ẹ̀rọ yóò fi dé, tàbí bí kò bá tilẹ̀ dé rárá, ọmọ náà gbọ́dọ̀ rí èdè gbà, ì báà jẹ́ láti ọwọ́. Ẹnubodè tó tì lè tún ṣí, ṣùgbọ́n ìgbà èwe ọmọdé kì í padà wá.